Ǹjẹ́ ó ṣì yẹ kí n máa jáde lọ dìbò ìjọba ìbílẹ̀?

Olùdìbò Àárín Ìlú béèrè pé:

Ẹ kú àpérò o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí a ti dìbò káńsù kẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ tí mò ń gbé, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ jù mí lọ là mí lóye. N kò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà, nítorí pé n kò wá fi ẹnikẹ́ni sùn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bí ó ti yẹ kí olùdìbò tí kò fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ ṣe.

Ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tí a dìbò fún ipò ààrẹ, aago méje òwúrọ̀ ni mo ti dé ibùdó ìdìbò wa. Èrò pọ̀, a tò, oòrùn pa wá, ẹ̀rọ BVAS yẹ ìka àti ojú mi wò, mo sì tẹ̀ka kí aago kan ọ̀sán tó lù. Nígbà tí ó wá kan ti alága káńsù àti káńsẹ́lọ̀, ní ibùdó kan náà, lábẹ́ igi kan náà, a kò ju mẹ́rìnlá lọ. Aago mọ́kànlá kọjá kí àwọn òṣìṣẹ́ tó yọjú. Kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́ wọn. Ìwé orúkọ ni wọ́n ń fi báírò sàmì sí. Ìwé ìdìbò ti alága wà, ti káńsẹ́lọ̀ kò sí. Wọ́n ní kí a dúró, a sì dúró, ṣùgbọ́n kí aago méjì tó lù, wọ́n palẹ̀ mọ́, wọ́n ní ó ti tó. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni rédíò kéde iye ìbò tí ẹni tí ó wọlé ní, iye náà sì pọ̀ débi pé mo bi ìyàwó mi bóyá ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń dìbò tí àwa kò mọ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo. Ní Èkìtì, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, APC ni ó kó gbogbo ipò alága. Ní Ọ̀yọ́, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 2024, PDP kó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 33. Ní Ògùn, ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, APC kó gbogbo 20. Ní Oǹdó, ní oṣù Kìíní ọdún 2025, APC kó gbogbo 18. Ní Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, APC kó gbogbo ipò alága 57, ó sì mú ipò káńsẹ́lọ̀ 375 nínú 376. (Ti Ọ̀ṣun ní ẹjọ́ nínú, ẹ jẹ́ kí n fò ó.) Bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn kan náà ni ọkàn wọn pín nígbà tí ìbò bá jẹ́ ti àpapọ̀. Labour Party ni ó fi díẹ̀ ṣíwájú APC nínú ìbò ààrẹ ọdún 2023 ní Èkó. Ní Ọ̀yọ́, APC borí nínú ìbò ààrẹ, PDP sì borí nínú ìbò gómìnà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Báwo ni àwọn olùdìbò tí ọkàn wọn pín báyìí ṣe máa ń di ọlọ́kàn kan ṣoṣo ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ yan alága káńsù?

Ìbéèrè mi kò ju méjì lọ. Ṣé ó ṣì yẹ kí n máa jáde? Bí kò bá yẹ, kí ni kí n máa ṣe dípò rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀tọ́ mi ni. Mo mọ̀ pé ẹ̀tọ́ mi ni.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì fèsì pé:

Ẹ kú ìdúró nínú oòrùn. Ìbéèrè yín kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé mo ti dìbò ìjọba ìbílẹ̀ lábẹ́ oríṣiríṣi ètò. Mo dìbò ní oṣù Kejìlá ọdún 1987, nígbà tí kò sí ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, tí olúkúlùkù olùdíje ń dá dúró lórúkọ ara rẹ̀. Mo dìbò ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, nígbà tí a tò sẹ́yìn àmì SDP tàbí ti NRC, ẹgbẹ́ méjì péré tí ó wà nígbà náà, tí wọ́n ń ka orí wa ní gbangba bí ẹni ń ka ẹran, tí kò sì sí ẹni tí ó lè purọ́ iye wa níwájú wa. Mo tún dìbò ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1998, nígbà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò ti àpapọ̀, fúnra rẹ̀ ṣètò ìdìbò ìjọba ìbílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Ẹgbẹ́ AD ni ó mú èyí tí ó pọ̀ jù nílẹ̀ Yorùbá lọ́dún náà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mìíràn náà rí díẹ̀ mú.

Ìwé òfin ọdún 1999 ni ó yí ọ̀nà padà. Abala 7 sọ pé àwọn ará ìlú ni wọn yóò máa dìbò yan káńsù, èyí tí ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n abala 197 gbé ètò ìdìbò náà lé àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, abala tí ó tẹ̀ lé e sì sọ pé gómìnà ni yóò máa yan alága àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ àjọ náà, tí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò sì fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó ń ta ayò ni ó tún ń ka ọmọ ayò. Ẹ kò lè retí pé kí òǹtayò bẹ́ẹ̀ pàdánù.

Ibi kan wà tí a ti lè rí ìyàtọ̀. Ní Abùjá, níbi tí kò sí gómìnà, INEC ni ó ń ṣètò ìdìbò fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí ó wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, PDP mú mẹ́ta, APC mú mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí INEC ti kéde rẹ̀. N kò sọ pé INEC kò ní àbùkù; gbogbo wa la mọ àbùkù rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé níbi tí ẹni tí ó ń ka ìbò kò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ olùdíje, èsì máa ń jọ ọkàn àwọn olùdìbò.

Ní ti ìbéèrè yín àkọ́kọ́, èmi ní kí ẹ máa jáde. Ẹ̀yin mẹ́rìnlá yẹn ni ẹlẹ́rìí. Bí ẹ bá jókòó sílé, ta ni yóò sọ pé ìwé ìdìbò káńsẹ́lọ̀ kò dé wọ́ọ̀dù yín?

Ìyá Aláṣọ fèsì pé:

Bàbá wa olùkọ́, ẹ ṣeun fún ìtàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí mi bí mo bá sọ pé ọ̀rọ̀ yín wà lórí àpótí ìbò, tèmi sì wà lórí àpò owó.

Mo ti ń ta aṣọ nínú ọjà kan fún ọdún mọ́kànlélógún. Ọjà jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ nínú ìwé òfin. Gáréèjì jẹ́ tiwọn. Ilé ìpẹran, itẹ́ òkú, gọ́tà àdúgbò, iná ojú títì, ìkólẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìbí àti ti ikú, orúkọ àdúgbò àti nọ́ńbà ilé, gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Láti ọjọ́ tí a ti bíni títí di ọjọ́ tí a ó sinni, àwọn ni ó yẹ kí a máa bá pàdé. Ṣùgbọ́n bí a bá lọ bá alága lórí omi tí ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ìdáhùn kan náà ni alága mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wa: owó kò dé ọwọ́ mi.

Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Nínú owó àpapọ̀ tí wọ́n ń pín lóṣooṣù, ìdá 20.60 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀ 774, ṣùgbọ́n inú àkáǹtì àjùmọ̀ní tí ó wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ ni owó náà ń kọ́kọ́ bọ́ sí, ohun tí ó bá sì ṣẹ́kù ni alága ń rí. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti dá ẹjọ́ lórí èyí ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024: wọ́n ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n sì ní káńsù tí a kò dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó náà. Ẹ fi ọkàn sí apá kejì yẹn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àwọn gómìnà kan tí wọ́n ti fi ìgbìmọ̀ fìdíhẹ ṣe ìjọba fún ọdún púpọ̀ ṣe sáré ṣètò ìdìbò lẹ́yìn ìdájọ́ náà. Ìfẹ́ ìlú kọ́. Owó ni.

Ní tèmi, n kì í lọ sí ibùdó ìdìbò káńsù mọ́. Ọjọ́ yẹn wọ́n máa ń ti ọjà pa, mo sì máa ń fi sinmi. Ohun tí àwa ìyálọ́jà ń ṣe ni pé bí alága tuntun bá ti búra tán, a kì í jẹ́ kí ó pé oṣù kan kí a tó lọ kí i, àwa bí ọgọ́rin, pẹ̀lú ìwé ẹyọ kan tí a to ohun mẹ́ta péré sí. A kì í bèèrè ohun mẹ́wàá, nítorí pé ẹni tí a bá bèèrè ohun mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀ yóò ṣe èyí tí ó rọrùn jù, yóò sì pe akọ̀ròyìn wá. Gọ́tà iwájú ọjà wa tí ẹ ń rí lónìí, báyìí ni a ṣe rí i gbà, kì í ṣe pẹ̀lú ìka tí a tẹ̀.

Ẹ̀yin olùbéèrè, mo ní ìbéèrè kan fún yín. Kí ni orúkọ káńsẹ́lọ̀ yín?

Aṣojú Tẹ́lẹ̀ fèsì pé:

Mo ti ṣe aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ní ibùdó ìdìbò nígbà mẹ́rin, n kò sì ní í ṣe mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ̀yin méjèèjì sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń yan alága.

Ọjọ́ tí ẹ ń dìbò kọ́ ni wọ́n ń yan án. Ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ pàápàá kọ́ ni. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta sí i ṣáájú, nínú pálọ̀ ẹnì kan, níbi tí àwọn bàbá ìsàlẹ̀ bíi mẹ́fà ti ń jókòó, tí wọ́n ń sọ pé wọ́ọ̀dù báyìí ni ó kàn, ìdílé báyìí kò tíì jẹ ẹ́ rí, lágbájá ti náwó jù láti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá parí, wọn yóò pe orúkọ rẹ̀ ní ìfohùnṣọ̀kan. Àwọn yòókù tí wọ́n ti ra fọ́ọ̀mù yóò kọ lẹ́tà pé àwọn yọ̀ǹda. Ẹni tí kò bá fẹ́ kọ ọ́ yóò rí i pé wọ́n ti bá a kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa ń kó orúkọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ gómìnà, gómìnà sì lè pa á rẹ́ kí ó fi òmíràn sí i. Ohun tí ẹ̀ ń tẹ̀ka fún lábẹ́ igi yẹn, òǹtẹ̀ ni ẹ ń fi lu ìwé tí wọ́n ti kọ tán.

Ohun tí ó máa yà yín lẹ́nu ni ipa tí ẹgbẹ́ alátakò ń kó. Bí ìdìbò káńsù bá ti ń bọ̀, wọ́n máa ń kéde pé àwọn kò ní kópa nítorí pé àbájáde ti hàn, kí wọ́n má baà náwó, lẹ́yìn náà wọ́n á lọ sí orí rédíò láti sunkún. Nígbà kan, káàdì aṣojú ẹgbẹ́ alátakò ni wọ́n fún mi kí n so mọ́ ọrùn, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè ni ó fún mi lówó oúnjẹ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Àwa mẹ́ta tí a jókòó gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹgbẹ́ mẹ́ta, ilé kan náà ni a ti wá, a sì jọ fọwọ́ sí èsì náà. Ilé ẹjọ́ wo ni yóò gbọ́ ẹjọ́ lórí ìwé tí aṣojú mẹ́ta ti fọwọ́ sí?

Àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ibi tí àyè wà ni wọ́ọ̀dù. Àwọn bàbá ìsàlẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ jà lórí káńsẹ́lọ̀. Wọ́n máa ń fi ipò náà tu àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lójú, bẹ́ẹ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀ ni ó ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó alága, àwọn náà ni ó sì lè yọ ọ́. Ìpàdé wọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ kì í ju èèyàn ogójì lọ. Láàárín ogójì, bí èèyàn mẹ́wàá tí kò retí ìrẹsì àti owó bá ń wá déédéé, tí wọ́n sì ní káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Mo ti rí i nígbà kan tí àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́jọ yí orúkọ káńsẹ́lọ̀ padà nínú ìpàdé kan ṣoṣo, kìkì nítorí pé wọ́n dé ní àsìkò, tí wọ́n sì ka ìwé òfin ẹgbẹ́ sókè.

Ọ̀gá, bí ẹ bá ní ọjọ́ kan láti yọ̀ǹda, ẹ fún ìpàdé wọ́ọ̀dù, ẹ má fún ibùdó ìdìbò.

Àpọ́n Òkè Odò fèsì pé:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n mo rò pé a ń fi ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ńlá. Káńsù kò já mọ́ nǹkan kan rí ní orílẹ̀-èdè yìí. Gómìnà lè tú u ká nígbà tí ó bá wù ú. Èmi kò ní bá wọn tò, n kò sì ní bá wọn ṣe ìpàdé. Ìbò gómìnà àti ti ààrẹ ni mo fi káàdì mi pamọ́ sí.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì tún fèsì pé:

Àbúrò mi, kì í ṣe pé kò já mọ́ nǹkan kan rí. Ní ọdún 1954, Action Group ni ó ń ṣe ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, Ìbàdàn sì ni olú ìlú wọn, síbẹ̀ ẹgbẹ́ Adégòkè Adélabú ni ó borí nínú ìdìbò káńsù Ìbàdàn, tí òun fúnra rẹ̀ sì di alága. Abẹ́ imú ìjọba ni wọ́n ti na ìjọba. Ní Èkó, ìdìbò ọdún 1950 ni ó gbé Dókítà Olorun-Nimbe dé ipò olórí ìlú, òun ni mayor kan ṣoṣo tí Èkó ní. N kò ní fi apá kejì ìtàn náà pamọ́ fún ọ: ìjọba gbé ìwádìí dìde lórí káńsù méjèèjì, wọ́n sì tú wọn ká kí ọdún 1956 tó parí. Ìwádìí rí àléébù gidi, ṣùgbọ́n àwọn alátakò wọn ni ó jàǹfààní rẹ̀. Ìyẹn ni pé títú káńsù ká ti wà kí wọ́n tó bí ìwọ àti gómìnà rẹ.

Ohun tí ó yàtọ̀ nísinsìnyí ni òfin. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ìjọba tuntun tú àwọn káńsù tí wọ́n dìbò yàn ní Ọ̀yọ́ ní 2018 ká. Àwọn alága náà kò lọ sílé lọ sùn. Wọ́n bá ẹjọ́ lọ títí dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ, ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 2021 ilé ẹjọ́ sì ní ìwà náà lòdì sófin, wọ́n ní kí a san owó oṣù wọn. Sáà wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà náà, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gómìnà tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lónìí yóò kọ́kọ́ ro owó tí yóò ná an.

Ní ti àbá tí àwọn kan máa ń dá pé kí INEC gba ìdìbò káńsù lọ́wọ́ àjọ ìpínlẹ̀, mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé ó rọrùn. Àtúnṣe ìwé òfin gbọ́dọ̀ kọjá ní ilé aṣòfin 24 ó kéré tán nínú 36, ẹ sì mọ ẹni tí ń bẹ lẹ́yìn ilé aṣòfin ìpínlẹ̀. Ẹni tí a fẹ́ gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ń bẹ̀ pé kí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ìyá Aláṣọ tún fèsì pé:

Bàbá, mo gbọ́. Olùbéèrè kò tíì dá mi lóhùn o.

Olùdìbò Àárín Ìlú fèsì pé:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi, mo ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbà pẹ̀lú Bàbá olùkọ́ pé ẹlẹ́rìí ṣe pàtàkì, nítorí náà n ó jáde nígbà tí àkókò bá tún tó, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní yíyan alága mọ́. N ó kàn lọ kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀ ni, pẹ̀lú aago àti iye èèyàn. Ẹ̀gbọ́n mi Aṣojú Tẹ́lẹ̀, ohun tí ẹ sọ nípa ìpàdé wọ́ọ̀dù ni ó gún mi jù, ó sì bà mí lẹ́rù díẹ̀, nítorí pé n kò gba káàdì ẹgbẹ́ kankan rí, tí mo sì ti máa ń fi ìyẹn yangàn. Mo ṣì ń rò ó. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá mọ bí ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ṣe lè kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ kí ó tó gba káàdì, ẹ sọ fún mi.

Ìyá wa, ojú tì mí láti dáhùn, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi dákẹ́. N kò mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ wa. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo jáde lọ béèrè ní àdúgbò. Ilé mẹ́ta àkọ́kọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan nínú wọn dárúkọ ẹni tí ó ti ṣe é ní sáà méjì sẹ́yìn. Fọ́kánáísà tí ó wà ní kọ̀rọ̀ ni ó mọ̀ ọ́n, ó ní òun máa ń bá a lẹ táyà ọ̀kadà rẹ̀. Ilé kejì sẹ́yìn ilé mi ni ó ń gbé.

Ìyá Aláṣọ fèsì pé:

Ẹ lọ kí i kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ohun mẹ́ta péré ni kí ẹ mú lọ.